Ẹni Tó Bá Ṣì Í Kọ Ni Yóò Mu Ún

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá bàbá mi, ẹni tó sunkún jù lọ kò bá a gbé ilé kan náà rí. Sìdíkátù ni, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti Ìlọrin wá. Ó ń ké pé ìyá aláàánú ti lọ, ìyá tí kì í bínú. Mo gbé ojú mi kúrò lára rẹ̀. Èmi tí mo bá a gbé ní àdúgbò Kofar Marke láti kékeré títí wọ́n fi mú mi lọ sílé ọkọ, n kò pàdé ìyá tí Sìdíkátù ń sọ yẹn rí. Ẹni tí èmi mọ̀ ni Àsímáwù Olóbì, tí àwọn Hausa inú ọjà Sókótó ń pè ní Mai Goro, tó jẹ́ pé bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ pàápàá á yà gba òdìkejì.

Nígbà tí èrò túká, Sàúdátù àbúrò mi mú bébà kan tọ̀ mí wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó lọ sí yunifásítì ló kọ ọ́, ìyìn àti oríkì ló kún inú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi dà á kọ, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìrántí tí wọn yóò pín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà dà á kọ. Ọwọ́ yín ló dára jù nínú gbogbo wa.”

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ mi dára. Ohun tí ojú mi rí kí ó tó dára ni n kò rí nínú bébà wọn. Nítorí náà bébà Sàúdátù ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ohun tí mò ń kọ sì nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èékánná rẹ̀. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní èékánná gígùn kan tí kì í gé. Òun ló fi ń yẹ obì wò. Apẹ̀rẹ̀ obì á ti ilẹ̀ Yorùbá wá nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé Gúsáù, ọkọ̀ ẹrù á gbé e dé Sókótó, wọ́n á tú ewé tí wọ́n fi dì í, òun á sì jókòó tì í láti òwúrọ̀, á máa gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀, á ti mọ̀ kí ó tó là á. Bí ó ti ń ṣe èèyàn náà nìyẹn. Bùsàrí bàbá mi, ọmọ rẹ̀ kejì, tí wọ́n jọ ń tajà, ó gún un títí ó fi rọ̀. Ìyá mi, Nímọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé ní ìyàwó, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ lójú gbogbo àna, ó ní, “Ó dán. Obì tó bá dán jù ni kòkòrò ń gbé inú rẹ̀.” Ìyá mi sọ fún mi pé òun kò dán mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni ìjà tó gùn jù nínú ilé wa. Mò ń sọ ti àwọn ọdún tó kù díẹ̀ kí a gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Sókótó ti ń rán ọmọ lọ nígbà náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ sí èyí tí ìjọ wọn dá sílẹ̀, ti ìjọba wà lọ́tọ̀. Àwa kò lọ sí ọ̀kankan. Jímọ̀, àkọ́bí Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló fà á. Ìyá àgbà fi Jímọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin kó lè kàwé. Jímọ̀ kàwé lóòótọ́. Ó di akọ̀wé ìjọba ní Kàdúná, ó pa orúkọ dà, ó di Jémíìsì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá kí i ní Sókótó. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un, kò jókòó, ó ní ṣòkòtò òun á rún. Ìyá àgbà kò sunkún, kò sì bú u. Ó ká ẹní náà nílẹ̀, ó gbé e sí kọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dá ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sílẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: “Ilé-ìwé ti jẹ ọmọ kan lọ́wọ́ mi. Kò ní í jẹ èkejì.”

Síbẹ̀ kò fẹ́ ká di púrúǹtù. Ọmọ àfáà ni òun náà. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní kéwú nínú àgbàlá, òun ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ kéwú kọ. Ní ti A-B-D, Ìyá Dèbórà ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ọ, orí àpò obì ni wọ́n jókòó sí, nígbà tí wọ́n jọ máa ń dúró de ọkọ̀ ẹrù ní Gúsáù. Ó wá ní òun ni yóò kọ́ wa nínú ilé: Mùnírù ẹ̀gbọ́n mi, èmi Ràbí, àti Sàúdátù nígbà tó bá tó mú gègé.

Ó wá kù kí ó yan irú ìwé tí a ó kọ àti ọ̀nà tí yóò gbà kọ́ wa. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni lọ ra obì, èmi ni mo ń ru àpótí ìjókòó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó jókòó sábẹ́ fèrèsé ilé-ìwé ìjọba, ó gbọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní Hausa, ó dìde. Ó ní Hausa tí àwọn ọmọ òun fi ń bú ara wọn ní títì, ta ló tún fẹ́ kọ́ wọn sí i? Ó lọ sí ti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń ka ìwé òyìnbó kan, ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún un: ọmọ kan ní ajá, ajá náà ń sùn ní ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ti ń tutọ́ títí a fi délé. Ó wá lọ jókòó sí ọ̀dọ̀ Málàm Gàrbá, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, tí àwa náà ti ń lọ ka Kùránì láràárọ̀. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí jù. Ó wo bí ọmọ ṣe ń fi tàdáà kọ ẹsẹ̀ Kùránì sí ara wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, tí yóò kà á títí yóò fi wọ orí, tí wọn yóò wá fi omi fọ tàdáà náà sínú igbá, tí ọmọ náà yóò mu ún fún ìbùkún. Ó mi orí. Nígbà tí a délé, ó pe bàbá àti ìyá mi, ó sọ ohun tí ó yàn fún wọn. Ó ní, “Ẹnu Yorùbá, ọwọ́ òyìnbó, ìyà kéwú.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti Wamakko gbẹ́ wàláà tuntun fún wa, ọ̀tọ̀ sí èyí tí a fi ń kọ Kùránì, nítorí kò gbà kí a pa méjèèjì pọ̀ láé. Èéfín ìdí ìkòkò ni a fi ń ṣe tàdáà, a ó pò ó mọ́ oje igi. Òun á pè é ní Yorùbá, àwa á fi A-B-D kọ ọ́, òun á gbé e sún mọ́ ojú, á fi èékánná yẹn tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó bá tọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó dà á sí ìdí igi dongoyárò tó wà láàrin àgbàlá. Èyí tí a bá ṣì kọ, a ó fọ̀ ọ́ sínú igbá, ẹni tó ṣì í kọ á sì mu ún tán lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mu ún rí, ó ń rùn bí àdògán, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, kì í sì í tètè lọ lọ́nà ọ̀fun. Ètè Mùnírù dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ Hausa fi sọ ọ́ ní Mai Tawada, alátàdáà. Igi dongoyárò náà kò rí mu tó láti ọwọ́ Mùnírù.

Málàm Gàrbá gbọ́ sí i. Ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé, ó fi Hausa pe Ìyá àgbà jáde. Ó ní, “Haba, Mai Goro. Ohun tí ọmọ ń mu lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Èwo ni èyí tí ìwọ ń fún wọn mu?” Ìyá àgbà fi Hausa tó dán ju tirẹ̀ lọ dá a lóhùn, ó ní, “Málàm, ìwọ ń fún wọn mu ohun tó tọ́, èmi ń fún wọn mu ohun tí kò tọ́. Jẹ́ ká wo èyí tí wọn kò ní í gbàgbé.”

Ẹ tún lè máa bi ara yín pé kí ló ń pè fún wa kọ. Ọ̀tá rẹ̀ ni. Ìyá Sìkírà ń ta obì ní òdìkejì rẹ̀ lọ́jà, wọ́n a sì máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ara wọn láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Èyí tí Ìyá àgbà kò bá rí àyè sọ tán lọ́jà, á gbé e bọ̀ wálé. Á ṣí gèlè, á na ẹsẹ̀, á ní, “Ẹ kọ ọ́: Ìyá Sìkírà, ẹnu rẹ dà bí àpò tí ìdí rẹ̀ ti lu, ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ kì í dúró.” A ó kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì Láwàní aláàárù ló kàn, lọ́jọ́ kẹta dẹ́rẹ́bà tó tú ẹrù rẹ̀ sínú òjò. A kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n á mu ún. Bí mo ṣe mọ gbogbo lẹ́tà nìyẹn, ara àwọn èèyàn tí n kò ní ìjà kankan pẹ̀lú wọn ni mo ti kọ́ wọn.

Ìyá mi rọra bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó lè jẹ́ ká máa kọ tiwa nígbà mìíràn, bí ìkíni sí ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, tàbí ohun tí a jẹ. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ọmọ kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń jẹ lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ni yóò máa kọ.”

Tísà Adéoyè ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọ, ó gba yàrá nílé tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó máa ń gbọ́ ohùn Ìyá àgbà láti orí ògiri nígbà tó bá ń pe èébú fún wa kọ, òun àti bàbá mi a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìyá mi kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu àwẹ̀, ó di bàbá mi mú. Ilé-ìwé fẹ́ gba ọmọ tuntun. Ọwọ́ mi ti gba orí kọjá kan etí kejì tipẹ́, mo sì ti ń dàgbà ju àwọn tí wọ́n ń gbà lọ. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó sọ fún un pé, “Bí Ràbí kò bá wọ̀ ọ́ lọ́dún yìí, ó ti bọ́. Yóò di ẹni tí wọ́n ń pè é fún títí ayé.”

Bàbá mi kò tó ẹni tí í kojú ìyá rẹ̀, ẹ̀tàn ló lò. Ó lọ sọ fún Ìyá àgbà pé Tísà kò gbà pé ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé lè kọ́ ọmọ débi tí ó kọ́ wa dé. Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní kí Tísà wá wò ó, yóò kọ́gbọ́n. Bàbá mi wá ní Tísà ti ṣèlérí pé bí òun bá rí i pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n kọ, òun yóò bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, wọn yóò gbà á. Ìyá àgbà ń yẹ obì wò lọ́wọ́. Ó ní, lójú Málàm Gàrbá tó wá ra obì, “Bí ó bá ṣe ohun tí Tísà ní kó ṣe, tí kò ṣì í kọ, kó máa lọ.” Ìyá mi kò sùn lóru ọjọ́ náà. Èmi náà kò sùn.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni Tísà wá. Abẹ́ igi dongoyárò ni a jókòó sí. Bàbá mi wà níbẹ̀, Málàm Gàrbá náà wà níbẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe àdéhùn, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Tísà wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó pe ọ̀rọ̀ gígùn kan fún mi tó le, mo kọ ọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó tún pe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tísà ní, “Ó tó, Mama. Ọwọ́ ọmọ yìí dára ju tèmi lọ.” Ó ní kí n fọ wàláà náà. Lẹ́yìn náà ó káwọ́ gbera, ó ní, “Ó yá, kọ ohun tí o bá rí.”

Mo mú gègé dání, mò ń retí.

Mo ní, “Ẹ pè é, sà.”

Ó ní, “N kò fẹ́ pe nǹkan kan. Gbójú sókè, kọ ohun tí o bá rí.”

N kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe irú rẹ̀ rí. Tàdáà ń gbẹ lẹ́nu gègé, mo tún ti gègé bọ tàdáà, ó tún gbẹ. Ìyá àgbà ní kí ni ọmọdé fẹ́ rí, kí Tísà pe nǹkan fún un jàre. Tísà kàn nawọ́ sí wàláà. Ojú ìyá mi wà lára mi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo bá gbójú sókè. Ohun tí mo rí ni imú Ìyá àgbà tó ń fẹ̀, àti obì kan ní ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti gún ní èékánná títí ó fi fọ́ wẹ́wẹ́. Mo tẹ orí ba, mo kọ ọ́: *Inú ń bí Ìyá àgbà.*

Tísà kà á sókè. Ó fi ọwọ́ lu itan. Ó ní, “Èyí gan-an ni mò ń wá. Kò sí ẹni tó pè é fún un.” Málàm Gàrbá bèèrè ohun tí mo kọ, bàbá mi sì túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa kí ó tó rántí ibi tó wà. Málàm rẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi tú.

Ìyá àgbà dìde. Ó gba wàláà náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi èékánná tọ̀ ọ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, “Inú kò bí mi. Ó ṣì í kọ.”

Tísà ní, “Mama, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.”

“Ìwọ lo wà nínú mi ni? Mo ní inú kò bí mi. Ó ṣì í kọ. Nímọ̀, gbé omi wá.”

Ìyá mi kò kúrò lójú kan. Ìyá àgbà lọ bu omi náà fúnra rẹ̀, ó fọ wàláà sínú igbá, ó nà án sí mi. Mo wo bàbá mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo mu ún. Bí mo ti ń mu ún, ọwọ́ Ìyá àgbà tó fi di igbá náà mú ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi dúdú náà fi dà sí mi láyà. Nígbà tí mo mu ún tán, ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, “Bùsàrí, o gbọ́ àdéhùn wa. Ó ti ṣì í kọ.”

Bó ṣe parí nìyẹn. Wọ́n gba àwọn ọmọ tuntun, orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo mu ún, lẹ́yìn ìrun àsárì, Ìyá àgbà pè mí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ó ṣí gèlè, ó ní, “Kọ ọ́: Inú Ìyá àgbà dùn.” Mo kọ ọ́, ó tọ́. A dà á sí ìdí dongoyárò.

Wọ́n gbé Tísà Adéoyè lọ sí ìlú mìíràn kí ọdún náà tó parí. Ó wá dágbére fún bàbá mi, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ràbí, má máa dúró kí wọ́n pè é fún ọ.” Mo dúró ṣá. Wọ́n pe ọkọ fún mi, mo lọ sí Gúsáù. Níbẹ̀ ni mo ti lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà díẹ̀ nírọ̀lẹ́, oyún kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Gbogbo ilé-ìwé tí mo mọ̀ nìyẹn. Ìyá mi kú láìtún bá Ìyá àgbà sọ ju ìkíni lọ. Mùnírù kú ní ọdún tó kọjá, kò fi ẹnu kan tíì dúdú títí tó fi kú, ó ní òórùn èéfín ń bẹ nínú rẹ̀.

Èmi ni mo tọ́jú Ìyá àgbà nígbẹ̀yìn. Mo ti di opó, àwọn tó kù ní iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́, àwọn èèyàn ní ó ti kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó lè dárúkọ gbogbo obìnrin tí wọ́n jọ ń dúró de ọkọ̀ ní Gúsáù, àti ọmọ wọn, àti ohun tí oníkálukú wọn fi ṣẹ̀ ẹ́. Mo ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bi í pé, “Ìyá àgbà, ọjọ́ tí Tísà Adéoyè wá sílé wa, ṣé inú kò bí yín lóòótọ́?”

Ó ní, “Tísà wo?”

Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ mi kàn, ó fi èékánná gígùn yẹn tọ àwọn ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti máa ń ṣe obì. Ó ní, “Ọwọ́ yìí dára. Èmi ni mo kọ́ ọ.” N kò fa ọwọ́ náà kúrò títí ó fi sùn lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mo máa ń jí ní àárọ̀, ọwọ́ yìí a sì máa wá nǹkan kiri lórí ẹní.

Mo ti yọ bébà Sàúdátù lábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì ti tún un kà. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé *ìyá wa kì í bínú*. Wọ́n tún fẹ́ pè é fún mi. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ọmọ, n kò ní í dà á kọ. Èyí tí mo kọ yìí, kò sí ẹni tó pè é. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú, ẹ fi èékánná tọ̀ ọ́. Bí ó bá tọ́, igi dongoyárò ṣì wà láàrin àgbàlá ní Kofar Marke. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ gbé omi wá. Mo mọ bó ṣe rí lẹ́nu.